Ọ̀rọ̀ rere, obì, àti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ lọ gbọ́ Wonderful Tonight, orin rọ́ọ̀kì tí Eric Clapton, olórin onígìtá ará England, kọ ní 1976, tó jáde nínú àwo Slowhand ní 1977, ẹ máa rí òwe yẹn níbẹ̀.

Òun àti Pattie Boyd, olólùfẹ́ ẹ̀, ń lọ sí pátì tí Paul McCartney, olórin Beatles, ṣe láti fi rántí Buddy Holly, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà tó ti kú, ní England lọ́hùn-ún, Pattie ò tètè múra tán, bó ṣe ń wọ tibí ló ń bọ́ tọ̀hún, ọkùnrin yìí sì ti jókòó dè é títí inú fi ń bí i. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, ìjà á ti ṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Clapton fa gìtá ẹ̀ ní tiẹ̀, ó fi kọ orin yìí.

Orin náà ò sì le. Kọ́ọ̀dù díẹ̀, ìlù jẹ́jẹ́, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìka ẹ̀ yá wá rọra ń ti okùn gìtá sókè títí ohùn ẹ̀ á fi máa fà bíi ti èèyàn tó ń bẹ̀bẹ̀. Kò ṣe ṣakará rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó wọni lára.

Ẹsẹ̀ kìíní, obìnrin bi í ṣé òun rẹwà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì, gbogbo pátì ń wo obìnrin, síbẹ̀ òun náà ló tún ń bi ọkùnrin ṣé ara ẹ̀ le. Ẹsẹ̀ kẹta gan-an ni kẹ́ ẹ fetí sí o, ibi tí wọ́n máa ń gbójú fò nígbà tí wọ́n bá ń jó o níbi ìgbéyàwó: orí ń fọ́ ọ̀gá, ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún obìnrin, obìnrin ló bá a dé orí bẹ́ẹ̀dì. Orí fífọ́ yẹn kì í ṣe ibà lójú tèmi, torí Clapton ò fi bò pé òun mutí gidi láwọn ọdún yẹn. Ẹnu dùn ún ròfọ́!

Torí náà ẹ̀yin ọkọ, ẹ yìn ín dáadáa tó bá pẹ́ nídìí díńgí, àmọ́ kẹ́ ẹ lè wa mọ́tò yín padà wálé o. Clapton àti Pattie fẹ́ra ní 1979, Clapton jáwọ́ nínú ọtí ní 1987, nígbà tó fi di 1989 wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀.