Ṣé O Ti Ka Ìwé Ẹ̀ Ni?

Kò sí ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò lè fi ṣe fáàrí. A ti fi aṣọ ṣe é, a ti fi ẹṣin ṣe é, a sì ti fi ilé alájà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí àfi lásìkò Iléyá ṣe é. Èyí tó gbòde báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ti ràn dé Ṣàgámù àti Ìpẹ̀rù, tún yàtọ̀: ìwé òyìnbó tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 700 ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ tó ń wo fíìmù.

Ẹ mọ fíìmù tí mò ń wí. Èyí tí dírágónì ti ń tu iná lẹ́nu, tí àwọn onírun funfun ń fẹ́ ọmọ ìyá ara wọn, tí wọ́n sì ń tìtorí àga irin kan sun odidi ìlú. Game of Thrones ló kọ́kọ́ dé, láti 2011 sí 2019. House of the Dragon, tó jẹ́ ìtàn àwọn baba ńlá wọn, tẹ̀ lé e ní 2022. Inú ìwé George R. R. Martin ni wọ́n ti yọ méjèèjì. Àwọn tó ṣe fíìmù gé díẹ̀ níhìn-ín, wọ́n lẹ díẹ̀ mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Ibi gígé àti lílẹ̀ yìí gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ríṣẹ́ ṣe.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́lípa lálẹ́ Sátidé. Ọmọkùnrin kan á ní, "Fíìmù yẹn mà dùn o." Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ẹni tí wọ́n ti fá ìlàjì orí rẹ̀ á dìde tòun ti aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn, á wo ọmọ náà tòkè-tilẹ̀: "Ṣé o ti ka ìwé ẹ̀ ni?"

Ẹ má pè é ní ìbéèrè. Owó ìpìlẹ̀ ló ń bi í. Ọmọ onílẹ̀ ni àwọn tó ti kàwé yìí: bí o bá ti já yanrìn sílẹ̀ báyìí pé o fẹ́ gbádùn ara rẹ, wọ́n ti yọ láti inú igbó, wọ́n ní ta lo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ló ni ilẹ̀. Láti 1996 tí ìwé àkọ́kọ́ ti jáde ni àwọn ti wà níbẹ̀. Ní 1996 tí ẹni tí mò ń wí yìí ń pè, ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní ní ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mo bá ọ̀rọ̀ náà débi ìdána kan ní Ìjagun. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, alága ìjókòó ń retí kí wọ́n dáhùn, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá ṣì wà lórí imú. Ọ̀kan ní nínú ìwé, imú Tyrion, aràrá inú ìtàn náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lójú ogun, pé ihò ló kù síbẹ̀. Pé àpá lásán ni fíìmù fi sí i lójú, ọ̀dàlẹ̀ sì ni àwọn tó ṣe é. Ìkejì ní òṣèré wo ni wọ́n máa rí tó máa gbà kí wọ́n gé imú òun nítorí ìwé. Alága ìjókòó gbọ́ "imú", ó gbọ́ "gé", ó bá gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu: "Ẹ jọ̀ọ́, imú ta ni wọ́n gé? Ṣé ará ilé ọkọ ni àbí ará ilé ìyàwó?" Ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Alága kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo rí tó jèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ti Catelyn Stark, ìyá kan nínú ìtàn náà, ló le jù. Nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti dú obìnrin náà níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sódò, wọ́n jí i dìde. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, wọ́n ń pè é ní Lady Stoneheart, gbogbo ẹni tó bá sì lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ rẹ̀ ló ń so kọ́ sórí igi. Fíìmù fò ó dá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Èpẹ́ ni wọ́n ti ń jà lórí èyí, níwájú ìyá tó ń ta ìkọ́kọrẹ́. Ìyá gbọ́ ọ títí, ó ju ṣíbí sínú ìkòkò. "Ṣebí àkúdàáyà nìyẹn. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Ta ló máa yọ àkúdàáyà kúrò nínú fíìmù, tó máa wá fi ìgbéyàwó sílẹ̀?" Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ni ìyá dúró sí. Dípò kí ọmọ náà dúpẹ́, àṣà ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti ka ìwé ẹ̀ ni?" Ìyá ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti san owó ìkọ́kọrẹ́ àná ni?"

Ta ló tiẹ̀ kà á nínú wọn? Mo bi ọ̀kan léèrè pé orí kelòó ni wọ́n ti bẹ́ Ned Stark, ọkọ Catelyn, lórí nínú ìwé àkọ́kọ́. Kò ṣẹ́jú rárá: "Orí kẹrìndínlógójì." Ó dáa. Martin kì í fi nọ́ńbà sí orí ìwé wọ̀nyẹn. Orúkọ ẹni tí ìtàn ń bá rìn ló máa ń kọ sókè orí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí akọni wa ti rí orí kẹrìndínlógójì, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kà ni àkékúrú tí ẹnìkan kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi dátà ọ́fíìsì kà á. Ìwé gan-an wà nílé o. Ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀, ní ibi tí àlejò kò lè ṣe kó má rí i, ó sì mọ́ tóní-tóní bí ìgbà tí wọ́n rà á.

Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí ìyà jẹ àwa tí a kàn ń wò lásán títí. Ìwé karùn-ún jáde ní 2011, ìkẹfà kò tíì jáde dòní olónìí. Fíìmù kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di 2016, apá kẹfà ti sáré kọjá ibi tí ìwé dé, ni ọmọ onílẹ̀ bá di ayálégbé. Ẹni tó ti ń sọ fún wa láti ìgbà pípẹ́ pé, "Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mi ò kàn fẹ́ bà á jẹ́ fún yín ni," òun náà ló wá ń fi ọwọ́ di etí káàkiri Òke-Àjé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń bẹ ọmọ tó ń ta káàdì pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ ẹni tó kú lálẹ́ àná. Mo gbádùn ọdún yẹn. N kò lè parọ́.

Nígbà tí apá kẹjọ wá parí ní 2019 tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn káàkiri ayé tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ wa náà fọwọ́ sí i. Inú òkùnkùn ló ti fọwọ́ sí i, torí tiransifọ́mà àdúgbò ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lórí tiransifọ́mà, wọ́n ní kí a máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́.

House of the Dragon dé, wọ́n tún rí egungun tuntun họ. Mo sì gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn dun èmi náà. Nínú ìwé, Alicent, ìyàwó ọba, fi ọdún mẹ́sàn-án ju Rhaenyra, ọmọbìnrin ọba náà, lọ. Fíìmù sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ kékeré, wọ́n jọ ń sùn sórí ẹsẹ̀ ara wọn lábẹ́ igi. Ọdún mẹ́sàn-án! Àwa tí a ń ka ọdún mẹ́ta-mẹ́ta kí a tó mọ ẹni tó lè bá wa wà nínú regbéregbé, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, kan náà? Ní Òjúde Ọba, aṣọ wọn kò lè jọra, ibi tí wọ́n máa jókòó sí kò lè súnmọ́ra, Rhaenyra gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí Alicent kó tó jókòó ni. Ẹni tó bá sọ irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ di ẹgbẹ́, kò ní ẹni àgbà nílé.

Ṣùgbọ́n ti Maelor kọjá àfaradà. Nínú ìwé, ọmọ mẹ́ta ni Helaena, ọmọbìnrin Alicent, bí. Àwọn apànìyàn méjì wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n ní kó yan èyí tí wọ́n máa pa nínú ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ó yan Maelor tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Wọ́n bá pa ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò fi ìyẹn ṣeré. Nínú fíìmù, ìbejì nìkan ló bí, kò sí Maelor, kò sì sí yíyàn kankan: wọ́n kàn ní kó fi èyí tó jẹ́ ọkùnrin hàn wọ́n. Martin fúnra rẹ̀ bínú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ó kọ ẹ̀hónú rẹ̀ síta, kò sì pẹ́ tó fi yọ ọ́ kúrò. Ohun tó yọ yẹn ni àwọn èèyàn wa gbé sórí. Mo mọ arákùnrin kan ní Ìtòrò tó ń ṣọ̀fọ̀ Maelor títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ọmọ tí fíìmù kò bí. Ẹ ní kó dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún yín. Á dá èkíní mọ̀. Èkejì, á ní, "Èyí pupa yẹn."

Ìwé náà gan-an tí wọ́n ń fi búra, Fire & Blood, tó jáde ní 2018, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó kà á kò sọ ọ́. Martin kọ ọ́ bí ẹni pé òpìtàn àgbà kan láyé ibẹ̀, Gyldayn, ló ń kó ìtàn jọ lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo àwọn tó ṣe é ti kú. Gyldayn kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Eustace ló ń kà, àti ti ọ̀mọ̀wé ààfin kan tó ń jẹ́ Munkun, àti ti Mushroom, aláwàdà ọba, ẹni tó jẹ́ pé ìtàn rẹ̀ kì í parí láìjẹ́ pé wọ́n bọ́ aṣọ ẹnìkan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fohùn ṣọ̀kan. Gyldayn á ní Eustace sọ báyìí, Mushroom sọ báyẹn, kí ẹ mú èyí tó bá yín lára mu. Nítorí náà nígbà tí ẹnìkan bá lu àyà ní Fọlágbadé pé, "Ohun tí ìwé sọ nìyí!", ẹ bi í pé ẹnu ta ni ó ti gbọ́ ọ nínú ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu aláwàdà ni.

Kì í ṣe pé irú èyí ṣàjèjì sí wa. Ní Ọ̀kè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Bílíkísù Súngbọ́ sí, àwọn kan ní ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì ni, àwọn kan ní opó olówó tí kò bímọ ni, pé òun ló ní kí wọ́n wa Erédò, yàrà àti odi ńlá ayé àtijọ́ nì, kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Erédò fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú igbó, nǹkan bíi kìlómítà 160 yíká, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èyí tó bá wu oníkálukú ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀, a sì jọ ń jẹun.

Ẹni Ìtòrò yìí kan náà ni ìdílé rẹ̀ fún níṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Òun ló kàwé jù láàrin wọn, ni wọ́n bá ní kó kọ ìtàn ìdílé sínú ìwé pélébé kan tí wọ́n máa pín fún àlejò ní Òjúde Ọba. Ní ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ó dìde, ó kà á sókè: bàbá ńlá wọn, akọni, gun ẹṣin funfun lọ pàdé òyìnbó lójú ogun Ìmàgbọn ní 1892, ó sì lé wọn padà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti ń sùn láti ìgbà àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, la ojú. "Wọ́n lé ta ni padà? Ṣebí òyìnbó ló borí, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kà á tán."

"Bàbá wa kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀. Koríko ló ń gé fún ẹṣin Balógun. Bàbá mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi."

Ọmọkùnrin náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbààwẹ̀ nítorí Maelor ṣe ìwé náà pọ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. "Màmá, kò burú, a kàn tún un ṣe díẹ̀ ni, kó lè bá àsìkò mu."

Màmá wò ó. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọmọ yìí ti ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú ilé. "Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "ẹ kúkú gbé bàbá gun dírágónì."

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àbá ni, wọ́n sì fa á lé ìpàdé lọ́wọ́. Ìbò mẹ́rin péré ni ẹṣin fi borí.