Ẹnìkejì nínú ọkọ̀ ìgbòkun kì í ṣe ààbò

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan dá wọ ọkọ̀ kékeré, tó ta ìgbòkun, tó sì forí lé òkun láìsí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé orí olúwarẹ̀ kò pé. Àwa Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún irú rẹ̀: igi kan kì í dá igbó ṣe, àgbájọ ọwọ́ sì ni a fi ń sọ àyà. N kò bá òwe jà. Ìgbàgbọ́ tó fara pamọ́ sẹ́yìn òwe náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, pé bí ẹnìkejì bá ṣáà ti wà nínú ọkọ̀, ewu ti dín kù, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣubú sómi, èkejì yóò fà á yọ. Ìgbàgbọ́ yìí ti tan àwọn tó mọ òkun ju gbogbo wa lọ jẹ.

Éric Tabarly, ará Faransé, ni ẹ̀rí tó ṣe kedere jù lójú mi. Ní ọdún 1964, òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn tó ń dá tukọ̀ láti Plymouth ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Newport ní Amẹ́ríkà. Ó tún gbà á ní ọdún 1976, nínú ọkọ̀ tó gùn tó mítà 22, tí wọ́n ṣe fún atukọ̀ tó lé ní mẹ́wàá, tí òun nìkan sì ń wà á. (Ẹnikẹ́ni kò lè pe ìyẹn ní ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ibi tí mo ń lọ.) Gbogbo òkun tí ọkùnrin yìí dá là kọjá kò pa á. Oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni ó kú, nígbà tó ń tu Pen Duick, ọkọ̀ àtijọ́ tó fẹ́ràn jù, lọ sí Scotland pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ ìgbòkun ní òru, nítòsí etíkun Wales, ni igi tó di ìgbòkun mú bá gbá a sómi. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kò sì fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a títí, wọn kò rí i. Ó lé ní oṣù kan kí ọkọ̀ apẹja kan tó gbé òkú rẹ̀ jáde nínú òkun.

Kí ló dé tí àwọn tó wà lórí ọkọ̀ kò fi lè gbà á là? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tó bá ń rìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ mítà 150 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni tó kù tó pariwo, kó tó di ìtọ́kọ̀ mú, kó tó mọ ohun tí ìgbòkun ń ṣe, ẹni tó ṣubú ti di orí kan tó kéré bí àgbọn láàárín ìgbì, ìgbì mítà kan péré sì tó láti bò ó mọ́ ojú. Ẹni tó kù yìí gbọ́dọ̀ máa wo orí náà láìṣẹ́jú, kó máa yí ọkọ̀ padà, kó máa dín ìgbòkun kù, nígbà kan náà. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé àgbàlagbà tí aṣọ rẹ̀ ti mu omi wúwo ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbé gba etí ọkọ̀ wọlé.

Mo ti dán an wò ní ọ̀sà Èkó, ojú mi sì là. Àwa mẹ́ta ni a wà nínú ọkọ̀ bàbá kan tó ń fi ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀ tukọ̀. Bàbá bu omi sí kẹ́ẹ̀gì ofeefee kan dé ìdajì, ó jù ú sómi, ó gbé ọwọ́ kúrò lára àjẹ̀ tó fi ń tọ́ ọkọ̀, ó ní: “Èmi ni mo já sómi yẹn o. Ẹ wá gbé mi.” Ìgbà àkọ́kọ́, a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà kejì, orí ọkọ̀ gun kẹ́ẹ̀gì náà mọ́lẹ̀. Ìgbà kẹta ni ọwọ́ mi tó kan etí rẹ̀, atẹ́gùn sì ti gbé wa jìnnà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà nínú ọkọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tukọ̀.”

Ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ náà ti fọ́. Èrò ọkọ̀ kì í ṣe atukọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ẹnì kan ló mọ iṣẹ́ náà, èkejì kàn bá a ṣeré jáde ni. Bí ìgbòkun bá há nígbà tí ìjì ń bọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló máa lọ síwájú ọkọ̀ láti tú u, nítorí náà òun náà ló ṣeé ṣe jù kí ó ṣubú. Ẹni tí a fi ọkàn tẹ̀ pé yóò gbani là ni omi gbé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà sì ló kù nínú ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí ọkọ̀ pàápàá kì í ṣe oògùn. Nínú ìdíje Fastnet ti ọdún 1979, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ yí àpáta Fastnet ní Ireland ká, ọkọ̀ 303 ló jáde, gbogbo wọn ló ní atukọ̀ púpọ̀. Ìjì bá wọn lójú òkun, àwọn 15 nínú àwọn tó ń díje sì kú. Ọkọ̀ 24 ni àwọn atukọ̀ wọn fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló rì.

Ẹni tó dá wà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní padà wá gbé òun, ìmọ̀ yìí ló sì ń darí gbogbo ìṣesí rẹ̀. Ó máa ń so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ kó tó kúrò ní ìdí ìtọ́kọ̀, ó sì máa ń ká ìgbòkun kù kí atẹ́gùn tó le. Joshua Slocum, ẹni àkọ́kọ́ tó dá tukọ̀ yí ayé ká, láti 1895 sí 1898, kò mọ ìwẹ̀ rárá. Kì í sì í ṣe pé irú wọn máa ń jókòó ti ìtọ́kọ̀ tọ̀sán-tòru gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò: Spray, ọkọ̀ Slocum, lè di ojú ọ̀nà mú fúnra rẹ̀ bí ó bá ti so ìtọ́kọ̀ rẹ̀, àwọn tó tẹ̀lé e sì ní ẹ̀rọ tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ń lò láti tọ́ ọkọ̀.

N kò wá sọ pé dídá tukọ̀ kò léwu. Slocum náà jáde lọ ní ọdún 1909, a kò sì rí i mọ́. Oorun ni ewu tí n kò rí ọ̀nà gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òfin ìrìnnà òkun ní kí ẹni tó ń ṣọ́nà wà ní gbogbo ìgbà, ẹni tó dá wà sì gbọ́dọ̀ sùn. Ọkọ̀ ńlá tó ń sá kìlómítà 37 ní wákàtí kan yóò rin kìlómítà 12 láàárín ìṣẹ́jú 20, èyí tí ojú kò tíì rí lè ti dé tòsí kí ìṣẹ́jú náà tó pé; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá tukọ̀ fi máa ń sun oorun ìṣẹ́jú 20, tí wọ́n á jí wò yíká, tí wọ́n á tún sùn. Níhìn-ín ni ẹnìkejì ti wúlò ní tòótọ́, bí òun náà bá mọ ohun tó ń wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀rẹ́ tàbí aya yín dání, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń sọ ìgbòkun kalẹ̀ àti bí a ti ń yí ọkọ̀ padà kí ẹ tó kúrò lẹ́bàá èbúté. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kẹ́ẹ̀gì kan, kí ẹ jù ú sómi, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi gbé e wọlé.