Kíkún kòtò wúrà nìkan kò lè sọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di oko padà

Ní agbègbè Iléṣà, láti Ìtagúnmodì títí dé apá Ìpérindó, wíwa wúrà ti sọ ọ̀pọ̀ oko di kòtò tí omi pupa dágún sí. Òfin ohun alùmọ́nì ti ọdún 2007 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà tún ilẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da yẹpẹ̀ pupa bo kòtò, gbogbo ènìyàn a gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀dú òkè ni ó ń bọ́ àgbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni ẹbí olú ń gbé. Olú tí à ń ká dà bí èso lásán. Ara rẹ̀ gan-an ni àwọn fọ́nrán funfun tín-ín-rín tí ó ta káàkiri inú ilẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí yìí kì í yọ orí síta rárá: inú gbòǹgbò kòkó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á máa bá a fa fọ́sífọ́ọ̀sì, èròjà tí ọ̀gbìn fi ń dàgbà, wá láti ibi tí ọwọ́ gbòǹgbò kò tó, gbòǹgbò náà á sì máa fi ṣúgà san án fún wọn. Mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà fi ń kó ẹ̀rún wúrà jọ, àti òjé tí ó máa ń bá òkúta jáde níbòmíràn, a máa pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀nba àwọn tí ara wọn le ni yóò kù. Ní ti olú ọ̀gán, bí katapílà bá ti wó ọ̀gán, ó tán nìyẹn, nítorí ikán ni ó ń gbìn ín, a kò sì rí irúgbìn rẹ̀ rà lọ́jà. Èyí tí ó bá sì hù lórí ilẹ̀ onímẹ́kúrì, kí ẹnikẹ́ni má ká a sọ́bẹ̀, nítorí olú a máa fa májèlé ilẹ̀ sínú ara.

Zamfara ti fi hàn wá ní ọdún 2010, nígbà tí òjé inú eruku wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400, tí wọ́n sì ní láti ha ilẹ̀dú òkè kúrò ní àwọn abúlé náà.

Nítorí náà, kí ìjọba àpapọ̀, tí ohun alùmọ́nì wà níkàáwọ́ rẹ̀, sọ ọ́ di dandan pé kí a kọ́kọ́ kó ilẹ̀dú sọ́tọ̀ kí a tó gbẹ́ kòtò, kí a sì dá a padà kí ó tó pẹ́ jù. Kí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀, yẹ ilẹ̀ wò ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n ka irú ẹbí olú tí ó kù. Kí a sì fi igbó sílẹ̀ láìfọwọ́kàn létí kòtò kọ̀ọ̀kan, nítorí láti ibẹ̀ ni ẹbí olú yóò ti tún ta wọ ilẹ̀ tí a dá padà.