Irọ́ ni pé Google ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì

Àbúrò mi kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún láíbìrì wọn kọ́ tán ni. Mo ní kó sọ bó ṣe rí fún mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, àga tìmùtìmù àti gíláàsì lásán ni. Wọ́n fowó ṣòfò. Ta ló tún ń lo láíbìrì? Ṣebí gbogbo nǹkan ló wà lórí Google."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn òbí ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́, àwọn tó ń pín owó kọ́lẹ́ẹ̀jì pàápàá ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ohun tó ń rí lórí Google ti ń wá.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Nígbà tí mò ń kàwé, inú yàrá mi lọ́gbà ni mo ti máa ń wá àpilẹ̀kọ. Màá wá ọ̀rọ̀ lórí Google Scholar, ẹ̀ka Google tó wà fún iṣẹ́ ìwádìí, màá tẹ èyí tó wù mí, á ṣí gbayawu. Odindi sáà kan ni mi ò fi wọ láíbìrì, mo sì ń fi yangàn. Ìsinmi dé, mo lọ sílé, mo tẹ àpilẹ̀kọ tí mo ti kà dé ìdajì lọ́gbà. Àkótán rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn mí, àwòrán àgádágodo kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n sanwó kí n tó ka ìyókù. Mo rò pé láàpútọ́ọ̀pù mi ló ní ìṣòro. Mo pa á, mo tún un tàn. Àgádágodo náà kò kúrò.

Òṣìṣẹ́ láíbìrì kan ló là mí lójú nígbà tí mo padà. Láíbìrì ló ń san owó àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn àpilẹ̀kọ yẹn ti ń jáde, lọ́dọọdún. Àwọn tó ń tẹ jọ́nà ní nọ́ńbà IP, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá íntánẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀, lọ́wọ́, bí ẹ bá ti wà lórí Wi-Fi ọgbà, wọ́n á dá yín mọ̀, ilẹ̀kùn á sì ṣí láìbi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ gba ojú ewé láíbìrì wọlé, ẹ fi nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti páàsíwọ́ọ̀dù yín sí i, jọ́nà kan náà á ṣí fún yín. Google kàn nàka sí ibi tí ìwé wà ni. Láíbìrì ló san owó ẹnubodè. Ẹni tó ń fọ́nnu pé òun kì í lo láíbìrì, láíbìrì ló ń lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ti odindi ìwé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2004 ni Google kéde pé òun máa ya àwòrán ìwé tó wà nínú àwọn láíbìrì ńlá bíi ti Harvard àti Michigan. Ẹ kíyè sí i: inú láíbìrì ni ìwé ọ̀hún wà. Àwọn òǹkọ̀wé pè é lẹ́jọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní 2015, ara ohun tó gbà á ni pé ìlà díẹ̀díẹ̀ ló ń fi han èèyàn nínú ìwé tí òfin ṣì dáàbò bò. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ààbò yẹn kì í tán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ta ló fẹ́ fi ìlà mẹ́ta ṣe iṣẹ́ àṣekágbá?

Èyí tó tiẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ níbẹ̀. Pew Research Center, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2024: nínú àwọn ojú ewé tó wà ní 2013, ìdá 38 nínú 100 ni kò ṣeé ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n á ní wọ́n kó ìwé dànù kí àga lè ráyè. Lóòótọ́, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan da ìwé tó dáa nù nígbà àtúnkọ́, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ìsàlẹ̀ ilé ni ìwé wà, lórí pẹpẹ tó ń rìn lórí irin. Ẹ ó yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń yí ọkọ̀, pẹpẹ á sún, àyè á ṣí níwájú yín. Ìwé tó ń gbà lè tó ìlọ́po méjì ti pẹpẹ tí kì í sún. Gíláàsì tí wọ́n ń bú sì ni ògiri yàrá ìjíròrò, kí ariwo ẹni márùn-ún tó ń jiyàn má bàa dé etí ẹni tó ń kàwé.

Àbúrò mi ní òun kò tiẹ̀ nílò jọ́nà, ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè, ti kó ìtọ́kasí jọ fún òun. Àyà mi já. Ní New York, ní 2023, adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú rẹ̀. Mo ní ká jọ lọ sí láíbìrì tó ń bú yẹn.

Màmá tó wà nídìí tábìlì ìbéèrè gba ìwé tí ìtọ́kasí ChatGPT wà nínú rẹ̀, wọ́n wo ìtọ́kasí àkọ́kọ́. Orúkọ jọ́nà wà, ọdún wà. Wọ́n mú wa lọ sísàlẹ̀, wọ́n yí pẹpẹ, wọ́n fa ìdìpọ̀ náà yọ, wọ́n ṣí i sí ojú ewé 112. Eyín ọmọdé ni iṣẹ́ àbúrò mi dá lé. Ìtọ́jú etí ló wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ ìkejì wò, bákan náà ni.

Wọ́n jókòó tì í fún bí ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì bá a rí mẹ́rin tó jẹ́ òótọ́. Láíbìrì wọn kò ní ìkẹrin, wọ́n bá a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Ọjọ́ kejì ló dé sínú íméèlì rẹ̀, gbogbo ojú ewé pé, àtàǹpàkò ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ sì hàn ní igun ojú ewé kẹta.