Ẹ Má Sún Un Mọ́ Ògiri Mọ́!

Ta ló ní kí ẹ sún sípíkà mi mọ́ ògiri? Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ti ń bi ará ilé mi láti àná nìyẹn, kò sì sí ẹni tó dá mi lóhùn. Gbogbo wọn ń wolẹ̀ bí ẹni pé owó wọn já bọ́.

Ọ̀ffà ni mo ti ń bọ̀. Eruku ọyẹ́ ti kún imú mi, ẹ̀yìn ń ro mí. Láti Ajàṣẹ́-Ìpo títí a fi dé Gáréèjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: kí n dé ilé ní Tanke, kí n wẹ̀, kí n jókòó sórí àga mi, kí n gbọ́ Odòlayé Àrẹ̀mú díẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀, mo bá sípíkà mi méjèèjì lára ògiri, tí wọ́n tò wọ́n bí olè tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Ẹnì kan tún ti gbé òdòdó oníke lé ọ̀kan lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú. Sípíkà yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Quad ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ESL, tí Peter Walker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Huntingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1957 ló bọ́ sọ́jà, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1985. Bàbá mi ló ra méjì yìí nígbà tó ń kàwé lọ́hùn-ún, ó fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wálé pẹ̀lú fíríìjì kan àti àpótí ìwé mẹ́rin. Fíríìjì ti kú tipẹ́, ikán ti jẹ ìwé. Sípíkà ló kù tí mo fi ń rántí rẹ̀, òun náà lẹ tún fẹ́ pa.

Kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Kò ní páálí roboto tó máa ń jó níwájú sípíkà yòókù. Ọ̀rá kan ló wà nínú rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ débi pé irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì, tí wọ́n nà bí awọ ìlù sáàárín abala pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lu ní ihò yíká. Iná ńlá ló máa ń wà lára ọ̀rá yẹn: nǹkan bí 6,000 fólítì fún apá tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀, 1,500 fún èyí tó ń gbé ohùn tó tín-ín-rín. Orin á wá gba ara abala méjèèjì wọlé. Bí ọ̀kan bá ń fa ọ̀rá, èkejì á máa tì í. Ọ̀rá á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n, etí á gbọ́. Ìyẹn náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Ohùn tó ń ti iwájú jáde, irú rẹ̀ gan-an ló ń ti ẹ̀yìn jáde. Kò sí àpótí lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gbé ohùn ẹ̀yìn mì. Bí ẹ bá gbé e ti ògiri, ohùn ẹ̀yìn á kọlu ògiri, á ta padà lójú ẹsẹ̀, á wá bá ti iwájú jà. Ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ó kéré tán, kí mítà kan wà láàárín òun àti ògiri. Tèmi, mítà kan ààbọ̀ ni mo fi sí, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi ń sún un síwá sẹ́yìn kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yí wọn díẹ̀ kí wọ́n dojú kọ àga mi. Mo kan pákó sábẹ́ wọn nítorí pé wọ́n kúrú, gíga wọn kò tó mítà kan. Níbi tí mo bá wọn dé, bí mo bá fi àpàlà Haruna Ishola sí i, mo lè na ìka sí ibi tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dúró sí. Mo ní mo lè nàka sí i! Haruna ti lọ láti 1983, ṣùgbọ́n ní alẹ́ kan báyìí, láàárín ògiri àti àga mi, ó wà níbẹ̀.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀. Wọ́n nù ún. Mo fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi sàmì. Ó fi nǹkan kan họ ọ́ kúrò, ó sì tún gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ mi.

“Bàbá Rahmọ́,” ló ní, “kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an tí ẹ ò fẹ́ kí á sún un?”

Mo ní, “Afẹ́fẹ́ ni.”

“Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ gba ibi tí èèyàn mẹ́ta lè jókòó sí?”

Ẹ̀rín gbọ̀n án títí. Àwọn ọmọ náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó tún ní ẹ̀rọ anìkànjọpọ́n ni, nítorí lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló lè jókòó síbi tó ti dùn jù. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín dáadáa. N kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n pálọ̀ wa ńkọ́? Àga mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn kẹ́yìn sí ògiri bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbẹ́jọ́ fún, tí àárín wá ṣófo gbayawu. Fún ta ni? Ìgbà wo ni èèyàn mọ́kànlá jókòó pọ̀ níbẹ̀ gbẹ̀yìn? Àárín tó ṣófo kò dun ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀yìn sípíkà tèmi nìkan.

Àlejò ò kúkú ràn mí lọ́wọ́. Irin aláràbarà ló bo iwájú sípíkà yìí, ó tẹ̀ kọ́rọ́ díẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ pákó kúkúrú mẹ́ta. Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ẹ̀yìn fíríìjì sí pálọ̀. Àlàájì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wá kí mi lọ́yẹ́ tó kọjá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, ó ní kí n tan án kí a yáná. Ìyá ìyàwó mi sá híjáàbù tútù sórí rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ìyá,” mo sì wọ yàrá lọ.

Kí n tó gbàgbé ti atúnrédíòṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pará pará bí epo gbígbóná, nígbà tó yá ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, iná inú rẹ̀ máa ń jò lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún mọ̀ pé àpótí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé iná ga, tí dáyóòdù àti kàpásítọ̀ inú rẹ̀ rì sínú ìda, tó máa ń darúgbó. Ìyẹn ni mo ní kí ó wò. Mo ní, “Bí o bá yọ ọ́ lára iná, má tíì fọwọ́ kàn án o, iná ṣì máa ń wà lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.” Ó ní òun ti ń tún rédíò ṣe kí wọ́n tó bí mi. Kò tíì tó ogójì ọdún!

Kò pẹ́ tó tú u tó fò sókè. Ó ní àlùjọ̀nnú wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó wò ó yípo, ó wá bojú wò mí tàánútàánú, ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n ti jí mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ lọ.”

Mo ní kò ní tẹ́lẹ̀.

Ó ní kò sí sípíkà tí kì í ní mágínẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á fún bàbá mi ló lù ú ní jìbìtì. Ó ní bí mo bá fún òun láyè, òun á gbé wúfà méjì sínú rẹ̀, ilé á mì tìtì. Mo ní rárá. Mo yáa lọ kírun, mo padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti ya ọ̀rá. Ó ní ó ti gbó. Ó wá fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀rá búrẹ́dì! Ó sì gbowó. Mo san án, nítorí àwọn èèyàn ti péjọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn sì ń bá a sọ pé Ọ̀gá yìí mà le o.

Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe níkẹyìn. Mo ra ọ̀rá tó tọ́ láti òkè òkun (ẹ má bi mí ní iye), mo kan férémù pákó, mo nà án, mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, mo fi ooru rẹ̀ mú ọ̀rá le. Mo fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lílọ̀ kúnná pa á lára, mo tún nù ún kúrò títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí, nítorí bó bá pọ̀ jù, iná á máa sáré kiri lára rẹ̀. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Nígbà tó kọrin lọ́jọ́ kẹwàá, n kò tijú láti sọ ọ́, omijé bọ́ lójú mi.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe wọ́límọ̀ Rahmọ́. Mo wà lábẹ́ kánópì níta, mò ń kí èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó so ámpílífáyà ńlá tó fi ń ṣe dí-jéè mọ́ sípíkà mi, èyí tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára. Àwọn tó ṣe sípíkà yìí gan-an, ámpílífáyà 15 wáàtì ni wọ́n fi ń gbé e nígbà náà. Ó ní tá! Ó tún ní tá! Iná búlúù kọ yẹ̀rì nínú rẹ̀, pálọ̀ ń rùn bí ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán. Mo sáré wọlé, ihò ti wà lára ọ̀rá tó ń gbé ohùn tó tín-ín-rín. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Bàbá, kò lágbára kankan. Kò gbọn ilé rárá.”

Àbí ìwọ lo kọ́ ilé ọ̀hún? Ìgbà wo ni gbígbọn ilé di orin? Àwọn baba wa fi ìlù àti ẹnu lásán kọ dadakúàdá ní Ìlọrin yìí, ògiri kankan ò là, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Nísinsìnyí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, inú ikùn nìkan ló ń dún.

N kò tíì mẹ́nu kan iná. Lára iná ìta ni sípíkà yìí ti ń rí fólítì ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí iná bá sì wálẹ̀, òun náà á wálẹ̀. 240 ni mo yàn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọn oníná bá gbé 160 wá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá ti ṣú, 6,000 á di 4,000, ohùn á rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Mo ti ra sitabiláísà. Òun náà ń kùn hùn-ún bí agbọ́n, mo sì ń gbọ́ ọ nínú orin.

Ọyẹ́ ló wá burú jù. Iná ara ọ̀rá máa ń fa eruku mọ́ra bí wàrà ṣe ń fa eṣinṣin. Ọ̀rá mìíràn wà níwájú àti lẹ́yìn tí wọ́n fi dí ọ̀nà eruku, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi ti ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ gba ojú irin wọlé, ó lu ú jálẹ̀. Ara mi gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, n kò purọ́, nítorí 6,000 fólítì kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ọlọ́run ló yọ ọ́, iná ti lọ látàárọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí oore iná tó lọ nìyẹn. Ọjọ́ yẹn náà nìkan ni ìyàwó mi gbà pé nǹkan pàtàkì ni sípíkà yìí: ó ní kí n gbé e kúrò nínú ilé òun.

Mo ti gbé wọn padà sáyè wọn láàárọ̀ yìí. Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n lórí eékún, mítà kan ààbọ̀ géérégé, mo wá fi ọ̀dà ilé sàmì sí táìsì, èyí tí kò sí ẹni tó máa lè họ. Àwọn ìyá àṣàlátù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ti sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n jókòó sáàárín. Àárín ṣófo. Ìyàwó mi ní ta ló ń jókòó sáàárín?

Ẹ dúró ná. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ pákó lórí táìsì ní pálọ̀.