Polaris Kò Sí Lójú Àríwá Gan-an

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń fún ẹni tó ń to mount awò awọ̀nàjíjìn (ìdúró tó ń yí awò tẹ̀ lé ìràwọ̀) ni pé: "Wá Polaris, ìràwọ̀ àríwá, gbé e sí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé nínú awò kékeré inú mount, ó parí." Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ tí mo padà sídìí ìràwọ̀ wíwò lẹ́yìn ogún ọdún. Fọ́tò ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo yà, ṣe ni àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ fà tẹẹrẹ bí ìgbà tí ọmọdé gbé bírò. Mo bú mọ́tò tó ń yí mount náà títí. Mọ́tò ò jẹ̀bi.

Ibi tí ojú ọ̀run ti ń yí po, tó yẹ kí mount kọjú sí, òfìfo ni, kò sí ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí níbẹ̀. Polaris fi nǹkan bíi 0.6 dígíríì jìnnà sí i, èyí tó ju ìbú òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Òun náà ń yí ibẹ̀ ká, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56. Etí òbíríkítí tí wọ́n fín sínú awò kékeré yẹn ni à ń gbé e sí, kì í ṣe àárín. Áàpù orí fóònù á sọ apá ibi tó yẹ kó wà ní wákàtí náà.

Èyí tó wá kan àwa tá a pẹ́ ká tó padà: òbíríkítí náà ò dúró sójú kan. Ayé ń mì bí orí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, ìmì kan ṣoṣo á sì gbà á ní nǹkan bí ọdún 26,000. Lọ́dún 2000, Polaris jìnnà tó 0.74 dígíríì. Yóò máa sún mọ́ ọn títí di nǹkan bí ọdún 2100, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Awò tí wọ́n fín òbíríkítí ọdún 2000 sí, ẹ má gbà á gbọ́ tán.

Tí ẹ ò bá ya fọ́tò ṣá, ẹ gbé Polaris sáàárín jàre. Ẹni tó fi wákàtí kan to mount nítorí àtiwo òṣùpá ń fi oorun ara rẹ̀ ṣòfò ni. Fọ́tò ni kì í gbà: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àṣìṣe 0.6 dígíríì lè sún ìràwọ̀ kúrò tó bí ojú Júpítà ṣe fẹ̀.

Drift ni mo ń ṣe báyìí, ìyẹn ni pé mo ń wo ibi tí ìràwọ̀ ń yọ́ lọ kí n tó tún mount ṣe. Màá wá ìràwọ̀ kan lápá gúúsù, nítòsí ìlà tó pín ọ̀run sí àríwá àti gúúsù, màá jẹ́ kí mọ́tò máa tẹ̀ lé e. Tó bá ń yọ́ lọ sápá àríwá tàbí gúúsù, á jẹ́ pé mount ti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Màá fi síkúrúù ẹ̀gbẹ́ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ìràwọ̀ mìíràn lápá ìlà-oòrùn, fún gíga mount. Bí àwọn tó wà lápá gúúsù ayé, tí wọn kì í rí Polaris láéláé, ti ń to tiwọn nìyẹn.