Ọ̀rọ̀ Rere Ní Ń Yọ Obì Lápò: Lẹ́yìn Tí Ẹnu Bá Ti Ṣe Àmín

Àwọn àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó." Ẹ tún un kà sókè, kí ẹ gbọ́ eré tí wọ́n fi ohùn ṣe níbẹ̀. Apò ni èèyàn ń kó nǹkan ìní rẹ̀ sí. Apó ni jagunjagun ń kó ọfà sí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Ohùn tó lọ sílẹ̀ àti ohùn tó gòkè nìkan ló yà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú òwe náà ni pé kò sọ pé èèyàn rere ló ni obì, kí ọfà wá jẹ́ ti èèyàn burúkú. Ẹnì kan náà ló gbé apò àti apó kọ́ èjìká. Ẹni tó dúró níwájú rẹ lónìí ní obì tó lè fún ọ, ó sì ní ọfà tó lè ta ọ́. Ó kù sọ́wọ́ ohun tó bá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Àwa Kristẹni sábà máa ń ka irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ẹ̀kọ́ ilé lásán. Lójú wa, àdúrà ni iṣẹ́ ìgbàgbọ́. Ohùn tí a fi ń dá ọkọ, aya, ọmọ tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa lóhùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Jákọ́bù kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú orí 3 ìwé rẹ̀, ó ní ẹnu tí a fi ń yin Ọlọ́run náà ni a fi ń ṣépè fún èèyàn tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀, ó sì béèrè bóyá orísun kan lè máa sun omi dídùn àti omi kíkorò láti ojú kan náà. Kò béèrè bí àdúrà wa ṣe gùn tó. Omi tó ń ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn àdúrà ló ń tọ́ wò.

Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, ìtàn méjì kan wà tí a kì í sábà kà pọ̀. Ìkíní wà ní orí 8. Gídíónì, aṣáájú ogun Ísírẹ́lì, àti àwọn 300 ọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń lé àwọn ará Mídíánì lọ, ó ti rẹ̀ wọ́n, ebi sì ń pa wọ́n. Àárín wàhálà yẹn ni àwọn ará Éfúráímù, ẹ̀yà Ísírẹ́lì kan, yọ sí i, tìbínú tìbínú: èé ṣe tí o kò fi pè wá nígbà tí ò ń lọ sójú ogun? Bí ẹ bá rò ó dáadáa, kò sí ẹni tí kò ní bínú. Ìwọ lo ja ìjà, ìwọ lebi ń pa, ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá ń bá ọ ṣẹjọ́. Èsì wo ni Gídíónì fọ̀? Ó ní kí ni òun ṣe tó tó tiwọn? Ó ní èéṣẹ́ àjàrà Éfúráímù, ìyẹn ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkórè, sàn ju gbogbo ìkórè ìdílé tòun lọ, torí ọwọ́ tiwọn ni Ọlọ́run fi àwọn ìjòyè Mídíánì lé. Bíbélì ní nígbà tó sọ èyí, inú wọn rọ̀. Obì jáde.

Ìkejì wà ní orí 12. Éfúráímù náà ni, ẹ̀sùn náà sì ni: o kò pè wá sógun. Ẹni tí wọ́n gbé e tọ̀ lọ nìkan ló yí padà. Jẹ́fútà, olórí àwọn ará Gíléádì ní Ísírẹ́lì, ni wọ́n bá lọ́tẹ̀ yìí. Lóòótọ́, ẹnu tiwọn náà burú ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n ní àwọn máa dáná sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọkùnrin tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ọlọ́run lọ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n tún pe àwọn ará Gíléádì ní ìsáǹsá. Àwọn ọmọ bàbá Jẹ́fútà ti lé e kúrò nílé rí, ó sì ti sá lọ gbé ilẹ̀ àjèjì, nítorí náà mo máa ń rò pé ojú egbò ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ó fèsì pé òun pè wọ́n, wọn ò wá, òun ló fẹ̀mí òun wewu. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sí obì kankan nínú èsì náà, kò sì pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Létí odò Jọ́dánì, bí ẹnì kan bá fẹ́ sọdá, àwọn ará Gíléádì á ní kó pe "Ṣíbólẹ́tì." Bó bá pè é ní "Síbólẹ́tì," bí àwọn ará Éfúráímù ṣe ń pè é, ikú ni. Àwa tí èdè wa ya ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára s mọ bí àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn ṣe kéré tó. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì èèyàn, 42,000, ni ìwé náà ní ó kú ní Éfúráímù nígbà yẹn.

Ibì kan wà nínú ìtàn Jẹ́fútà tí kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé oníjàgídíjàgan ni. Ẹ padà sí orí 11. Nígbà tó dojú kọ ọba Ámónì, ọ̀tá gidi, ẹ̀ẹ̀mejì ló rán oníṣẹ́ sí i. Ó ro ẹjọ́ fún un láti ìpilẹ̀, ó ka ìtàn 300 ọdún fún un, kí wọ́n má bàa jà. Ọkùnrin yìí lè sọ̀rọ̀! Ó ní sùúrù láti bá àjèjì sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n ìgbà tó kan ọmọ ìyá rẹ̀, gbólóhùn méjì tó o. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Jẹ́fútà lo ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tán lóde, kò mú kankan bọ̀ wálé.

Ta ni kò mọ ara rẹ̀ níbẹ̀? Fóònù dún, a sì gbé ohùn tútù jáde fún ẹni tí a kò rí rí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kò sí wàhálà, sà." Bí a ti gbé e kalẹ̀, a kọjú sí ọmọ tó ti dúró láti ìgbà náà: "Kí ló dé? Ṣé o ò rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ ni?" Ẹni tó ń bá wa kúnlẹ̀ ní alẹ́ ló ń jẹ ìyókù ohùn wa. Kí ẹ má sì rò pé mò ń sọ Gídíónì di áńgẹ́lì. Nínú orí 8 yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ará Súkótù kò fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní búrẹ́dì, ó lérí pé òun máa fi ẹ̀gún ya wọ́n lára, ó sì ṣe é. Apò àti apó ṣáà wà léjìká òun náà.

Ó wá ku àdúrà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ àdúrà di apó. Àwọn kan ń gbàdúrà sókè kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè gbọ́. Mo ti ṣe é rí. Èdèkòyédè kan wà láàárín èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé, nígbà tó sì kàn mí láti gbàdúrà àárọ̀, mo ní, "Olúwa, rọ ọkàn gbogbo ẹni tó le bí òkúta nínú ilé yìí." Àwa méjì péré la wà nínú ilé náà. Àmín tí ẹnì kejì ṣe, imú ló gbà jáde. Mo rò pé Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àṣé mo ti ta ọfà, mo kàn di ojú mi nígbà tí mò ń ta á ni.

Òmíràn tún wà tó ń fi àdúrà bo òfófó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lágbájá sínú àdúrà o." Wọ́n á bi í pé kí ló ṣe é, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ á sì tú jáde láti orí dé ìdí. Bí wọ́n bá fi máa túká, gbogbo ìjọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lágbájá, kò sì sí ẹni tó kúnlẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó o bá fẹ́ gbàdúrà fún ẹnì kan ní tòótọ́, Ọlọ́run kò nílò kí ẹni mẹ́wàá kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kí a máa pọ́n èèyàn ni? Ṣé kí a máa fi irọ́ wá àlàáfíà? Rárá o. Ẹ wo Gídíónì dáadáa. Kò purọ́ fún Éfúráímù. Orí 7 sọ pé lóòótọ́ ni wọ́n mú Órébù àti Séébù, ìjòyè Mídíánì méjèèjì. Òótọ́ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹ ṣe iṣẹ́ ńlá nígbà tí ẹ dé. Èkejì ló mú jáde. Ohùn tútù láìsí ìfẹ́ tilẹ̀ léwu ju ìbínú gbangba lọ, nítorí Sáàmù 55 mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀ ju òróró lọ, tó sì jẹ́ pé idà ni. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ òótọ́ kíkorò ni ìfẹ́ máa sọ. Kó sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín, kó má sọ ọ́ lójú agbo fún ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ ọ? Ní tèmi, Nehemáyà ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ó ń gbé ọtí fún ọba Páṣíà, ojú rẹ̀ fà ro, ọba sì bi í pé kí ló ń fẹ́. Nehemáyà ní òun gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, òun sì dá ọba lóhùn. Ẹ ò rí nǹkan! Láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn ni àdúrà yẹn wọlé sí. Kò lè ju èémí kan lọ, ọba ò ṣáà ní dúró dè é kó kọrin mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá ka oṣù tí ìwé náà dárúkọ, ó ti tó nǹkan bí oṣù 4 tó ti ń gbààwẹ̀ tó sì ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àdúrà èémí kan yẹn rí ibi fẹ̀yìn tì ni.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ gbígbóná bá dé ọ létí, dákẹ́ níwọ̀n èémí kan, kó o ní, "Olúwa, ẹnu mi rèé." Bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni ọ̀rọ̀ ti wá, ó tilẹ̀ rọrùn sí i, torí kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ: gbé e kalẹ̀, rìn lọ rìn bọ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ìka tó ń tẹ èsì náà ò sì mọ̀. Ní ìdákẹ́jẹ́ òwúrọ̀, dárúkọ ẹni tó ń bí ọ nínú níwájú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n má ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Un, Ó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹni náà ń wá ni kó o bá a tọrọ: iṣẹ́ tí kò tíì rí, ara ọmọ rẹ̀ tí kò yá, oorun tí kò rí sùn. Á le lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣòro kí o tó pàdé ẹni náà kó jẹ́ pé apó lọwọ́ rẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́, Mátíù 5 ti sọ ibi tí wàá gbé ọrẹ rẹ sí: iwájú pẹpẹ ni kó o fi í sílẹ̀, kó o kọ́kọ́ lọ bá a. Mi ò rí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan níbẹ̀.

Hánà ni mo fẹ́ fi kún un. Obìnrin yìí, tí kò rí ọmọ bí, wà nínú tẹ́ńpìlì ní Ṣílò, ó ń sunkún, ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbóhùn rẹ̀. Élì, àlùfáà fúnra rẹ̀, wò ó, ó sì pè é ní ọ̀mùtí: ìgbà wo lo máa yó dà? Ẹ fojú inú wo ìyẹn. O gbé ìbànújẹ́ ọdún gbọọrọ wá síwájú Ọlọ́run, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ń fi ẹ̀sùn ọtí kàn ọ́. Ẹlòmíràn ì bá kúrò nínú ìjọ lọ́jọ́ náà, n kò sì ní dá a lẹ́bi púpọ̀. Hánà ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, olúwa mi," ó sì ṣàlàyé pé òun ń tú ọkàn òun jáde níwájú Olúwa ni. Ó sọ òótọ́, ó jẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣì í wò, kò sì fi èébú kan san èébú. Lójú ẹsẹ̀ ni Élì súre fún un. Hánà lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́, bẹ́ẹ̀ oyún kò tíì dé.

Nígbà tó yá, ó bí Sámúẹ́lì, ó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ó sì mú un padà wá fún Élì. Ó ní, "Olúwa mi, èmi ni obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níhìn-ín, tí mo ń gbàdúrà sí Olúwa. Ọmọ yìí ni mo gbàdúrà fún." Ibi tó rán an létí mọ nìyẹn. Kò mẹ́nu kan ọtí rárá.